Ẹ̀wù Òjò Káfíńtà

"Wọ́n ní inú igbó ni..." Oníbùrẹ́dì dákẹ́, ó yọ́jú wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tún rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ ò tíì gbọ́? Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ lọ yẹn. Wọ́n ní okùn kan náà ni wọ́n fi so ọmọ yín àti Káfíńtà pọ̀, àfi bí Káfíńtà ṣe..."

"Bó ṣe ṣe kí ni?" Ìyá bi í. Ó ti fi téèpù yí oníbàárà rẹ̀ ní ìbàdí, ìka rẹ̀ sì wà lórí nọ́ńbà.

"Èmi ò sí níbẹ̀ o. Wọ́n ní ó tú okùn, ó gba ọ̀nà àbùjá, ó fi ọmọ yín nìkan sílẹ̀ nínú òjò. Ẹ̀san ò sì pẹ́, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Ọmọ náà wá... wọ́n ní ẹ̀wù ọkùnrin ló wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó... Ẹ jẹ́ n panu mi mọ́. Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ."

Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ kò gbé orí sókè. Ojú-Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé láti kékeré, ojú abẹ́rẹ́ nìkan ni ojú tó lè wò láìtijú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń ti aṣọ síwájú. Ìgbà tí oníbùrẹ́dì jáde tán ló tó rí ohun tí ọwọ́ náà ṣe: ó ti rán ẹnu apá aṣọ oníbàárà pa pátápátá. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè gbà á kọjá mọ́.

"Ṣé òótọ́ ni?" Ìyá bi í.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó mì í lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì wúwo fún un ju irọ́ tó ti fi ẹnu pa lọ.

Nítorí kì í ṣe Káfíńtà ló tú okùn. Òun ni.

*

Ìyá fúnra rẹ̀ ló ní kó lọ. "Ọdún mẹ́tàlélógún lo fi tẹ̀ lé mi kiri bí òjìji," ni ó wí. "Àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáná, bí wọ́n ṣe ń ta okùn, bí wọ́n ṣe ń mọ ọ̀nà nínú igbó. Lọ bá wọn. Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí ọ lára."

Kò jókòó ní kíláàsì rí. Bàbá rẹ̀, tó ń tún aago ṣe, ló kọ́ ọ ní ìwé nílé, lórí tábìlì tí ogún aago ti ń lù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó dàgbà láàárín aago kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó wá bá ara rẹ̀ láàárín ogójì àlejò níbi àgọ́, ṣe ló ń wá ibi tí yóò fi ojú sí.

Sójà tó ti fẹ̀yìntì ló ń kọ́ wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ó pín wọn ní méjì méjì, ó sì fún àwọn méjì kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ ìṣáná mẹ́ta. Igi tútù. Káfíńtà, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí eruku pákó kì í tán nínú irun ojú rẹ̀, ló bọ́ sí apá Ojú-Abẹ́rẹ́. Ó ṣá ìkíní, ó kú. Ó ṣá ìkejì, ó kú.

Ojú-Abẹ́rẹ́ ki ọwọ́ bọ àpò, ó kó ìdọ̀tí òwú jáde: ìdí òwú, ìrépé aṣọ, ohun tí aránṣọ máa ń gbé kiri láìmọ̀. Ó tẹ́ ẹ sábẹ́ igi, ó ṣá ẹyọ kẹta. Iná gbà.

"Ta ló ń kó àkísà wá sínú igbó?" Káfíńtà bi í.

"Aránṣọ."

"Ta ló sì wá dáná yìí?"

"Èmi ni. Káfíńtà ló ba ìṣáná méjì jẹ́."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín débi pé àwọn èèyàn yíjú wò wọ́n. Ó ya Ojú-Abẹ́rẹ́ alára lẹ́nu pé láti ẹnu òun ni àwàdà ti jáde.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n kọ́ wọn ní máàpù. Káfíńtà ń dorí tirẹ̀ kodò. Ní ti Ojú-Abẹ́rẹ́, ìlà orí máàpù kò yàtọ̀ sí ìlà tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì fà sórí aṣọ. Ibi tí ìlà bá ti sún mọ́ra, ibẹ̀ ni òkè ti ga. Wọ́n rìn títí oòrùn fi wọ̀, Káfíńtà sì ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ fún un.

"Mo ń kan bẹ́ẹ̀dì kan tí ẹnikẹ́ni ò gbé wá fún mi ṣe."

"Ta ló máa wá sùn lórí ẹ̀?"

"Mi ò tíì bi í."

Ojú-Abẹ́rẹ́ wo ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi sú u.

Ọjọ́ kẹta ni eré ìje. Eré ọ̀rẹ́ ni, kò sí ẹ̀bùn kankan níbẹ̀ ju àtẹ́wọ́ lọ. Ẹni méjì, okùn kan: wọ́n so okùn mọ́ ìbàdí ẹni kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí wọ́n wá òpó mẹ́fà tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́. Ọ̀nà tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n gbà. Òfin kan ṣoṣo ni sójà ṣe: "Ẹ lè sáré, ẹ lè rìn, ẹ lè fi ìdí wọ́. Okùn yìí kò gbọdọ̀ tú."

Níbi tí wọ́n tò sí ló ti gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹni tó bá mú Ojú-Abẹ́rẹ́ ti mú ipò ìkẹyìn." Ẹ̀rín sì tẹ̀ lé e.

Kò bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú ìka.

Òun ló yan ọ̀nà etí odò torí ó kúrú. Àwọn yòókù gba orí òkè. Nígbà tí wọ́n fi dé òpó karùn-ún, àwọn ni wọ́n wà ní ipò kejì. Ibẹ̀ ni Káfíńtà ti tẹ òkúta tó ń yọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yí. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti orí òkè ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ kọjá láàárín àwọn méjèèjì, kò ju ìwọ̀n ìmí márùn-ún lọ. Lẹ́yìn náà ni Ojú-Abẹ́rẹ́ tẹríba, ó fi eyín tú kókó okùn gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń fi eyín tú òwú tó bá ṣorí kunkun, ó sì sáré lọ.

Òun ló ṣe ipò kẹta. Sójà di etí okùn tó ń wọ́ nílẹ̀ mú. "Ta ló tú u?"

Gbogbo àwọn tó ti dé ń wò ó.

"Òun ni," ni ó wí. "Ó ní mo ń fa òun sẹ́yìn. Ó gba ọ̀nà àbùjá, ó sì ṣubú létí odò."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú igbó, tó sì dá ọ̀nà mọ̀! Àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pa fún un láyé nìyẹn. Ó dùn mọ́ ọn bí ìṣẹ́jú kan.

Òjò ti rọ̀ dá kí wọ́n tó gbé Káfíńtà dé. Omi ń ro láti orí rẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì, àbúrò ìyá Káfíńtà tó wá tọ́jú àwọn tó bá fara pa, ló fi èjìká gbé e dúró. Sójà bi òun náà. Káfíńtà wo Ojú-Abẹ́rẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wo ẹ̀wù òjò tirẹ̀ tó wà lọ́rùn ọmọbìnrin náà, tó gbẹ nínú lọ́hùn-ún.

"Bó ṣe sọ ọ́ náà ni," ni ó wí.

*

Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, Ìyá lọ ra òwú. Ojú-Abẹ́rẹ́ gbọ́ ìró ọ̀pá lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù: kó, kó, kó.

"O kú iṣẹ́ o," ni Káfíńtà wí.

"Ìyá mi ò sí nílé."

"Ìyá rẹ kọ́ ni mo wá rí."

Ó fi ọ̀pá ti ògiri, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. Ó wo àga náà yí ká. "Ta ló kan èyí? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ó jọ èmi."

Ojú-Abẹ́rẹ́ kò lè rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀wù rẹ lo wá gbà?"

"Ṣé mo bèèrè ẹ̀wù?"

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

"Kí n sọ kí ni? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún ọ ni. Mi ò tíì rí kí ojú èèyàn tàn báyẹn rí."

"O ò bínú?"

"Èmi! Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi bínú. Pákó tí mo fi ìbínú gé, gbogbo ẹ̀ ló kúrú. Lọ́jọ́ karùn-ún mo wá rí i pé ìbínú náà ò lè lé ọ kúrò lọ́kàn mi. Ó sú mi, mo jọ̀wọ́ ẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Àǹtí mi Nọ́ọ̀sì á wá bá àwọn òbí rẹ lọ́jọ́ Àìkú. Bó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ mi, sọ ọ́ nísinsìnyí kí ẹsẹ̀ mi má baà fi lásán gun àtẹ̀gùn yìí."

Káfíńtà rí i pé kò kọ̀, ó fa ọ̀pá rẹ̀.

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ igbó yẹn, ìwọ lo ni ín. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ bò ó mọ́ bí wọ́n bá tún bi mí."

Ojú-Abẹ́rẹ́ dìde kó lè sọ pé, "Jọ̀ọ́, dárí jì mí," ṣùgbọ́n aṣọ ló tún fà sábẹ́ abẹ́rẹ́. Kó, kó, kó. Ó ti lọ.

*

Nọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Bàbá wà nídìí tábìlì rẹ̀, dígí kékeré tó fi ń wo inú aago ṣì wà ní ojú rẹ̀ kan.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Nọ́ọ̀sì wí, "ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí ohun kan nínú ilé yín tó wù ú, kì í sì í ṣe aago."

"Ìbá jẹ́ aago ni, ìbá rọrùn," Bàbá dáhùn. "Aago tó bá já èèyàn kulẹ̀, mo lè tú u palẹ̀ kí n rí ibi tó ti bàjẹ́. Èèyàn ńkọ́? Ẹni tó tú okùn lọ́sàn-án gangan, níbi eré lásán, kí ni yóò ṣe nígbà tí ilé ayé bá le?"

"Mo bi í léèrè. Kò dá mi lóhùn, kì í sì í ṣe ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀." Nọ́ọ̀sì yíjú sí aṣọ ìkélé. "Àwọn méjì ló wà lórí okùn yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹnu ẹnìkan lẹ ṣì gbọ́."

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Ojú-Abẹ́rẹ́ gbé àwo dání, ife omi wà lórí rẹ̀. *Sọ ọ́. Sọ ọ́ báyìí.* Bàbá pè é, ó wọlé.

"Ìwọ. Ṣé wọ́n pa irọ́ mọ́ ọmọkùnrin yìí ni?"

Ó ya ẹnu. Ó rí ojú Bàbá, ojú tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbà pé ọmọ òun kì í purọ́.

"Ẹ mu omi, mà," ni ó sọ fún Nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì gba ife náà. Ó gbé e sílẹ̀ láìfẹnu kàn án.

"Ẹ bá mi kí ọmọ yín," Bàbá wí, "ṣùgbọ́n kì í ṣe níbí ni yóò ti fẹ́ ìyàwó."

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, oníbùrẹ́dì tún dé pẹ̀lú ìròyìn tuntun. "Ilé ẹ̀kọ́ ti gba iṣẹ́ àga lọ́wọ́ Káfíńtà o! Ogójì àga! Ọ̀gá wọn ní ẹni tó lè fi èèyàn sílẹ̀ nínú igbó kò ní wọ àárín ọmọdé. Ó dára bẹ́ẹ̀, àbí kò dára?" Ó yíjú sí Ojú-Abẹ́rẹ́. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Orí ló yọ ọ́."

Bí ẹni tí wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀ ni àánú yẹn ṣe rí lára rẹ̀. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, kò jẹ ní ọjọ́ kejì.

Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá ń wá ìrépé aṣọ dúdú tí yóò fi ṣe àpò. Ó ki ọwọ́ dé ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, ó sì fa ẹ̀wù òjò kan jáde. Ó tẹ́ ẹ sí itan. Ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí ẹ̀gún ti fa àpò rẹ̀ ya, tí ẹnìkan ti rán an padà débi pé ojú lásán kò lè rí i.

"Ọwọ́ rẹ nìyí," ni ó wí. "Ẹ̀wù ta ni?"

"Ti Káfíńtà ni, mà."

"Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, àbí?"

"Ó rọ̀, mà."

Ìyá ká ẹ̀wù náà, ó tún un ká. "Èmi ò lọ sí igbó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún èèyàn kì í dúró bọ́ ẹ̀wù òjò sílẹ̀ fún un."

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ojú-Abẹ́rẹ́ kò mọ̀gbà tí òun gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

"Mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan o," Ìyá wí. "Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n tìrẹ nìkan kọ́ ló dákẹ́ yìí. O fi ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ọn." Ó gbé ẹ̀wù náà lé e lọ́wọ́. "Bàbá rẹ wà nínú ilé."

Ó dúró níwájú tábìlì Bàbá, ó sì sọ ọ́. Ó sọ ọ́ wúruwùru, ẹkún ń dá a dúró, ìdí ṣáájú orí. Bàbá yọ dígí kúrò lójú.

"Mo lé ọmọlúàbí obìnrin jáde nílé mi nítorí ọ̀rọ̀ rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo bi ọ́ lójú rẹ̀. Omi lo ní kó mu."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo kọ́ ọ ní kíkà, mo kọ́ ọ ní kíkọ. Mi ò mọ̀ pé ohun kan ṣẹ́kù." Ojú ń ti òun náà, ó ń yí dígí náà láàárín ìka. "Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, sà."

"Ṣé òun á ṣì fẹ́ ọ tó bá rí i pé ó gba èèyàn mẹ́ta kí o tó lanu?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Èmi náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní lọ bẹ Nọ́ọ̀sì ní kọ̀rọ̀ kí orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣì máa yí nílẹ̀ ní gbangba. Níbo ni irọ́ yìí ti ń jáde?"

"Ṣọ́ọ̀bù oníbùrẹ́dì."

"Ibẹ̀ ni kó gbà padà. Bí o bá sọ ọ́ níbẹ̀ tán, èmi fúnra mi á wọ bàtà lọ bá Nọ́ọ̀sì, màá sì sọ fún un pé mo ti gbà. Ṣùgbọ́n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Má fi kún un. Má yọ níbẹ̀."

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn ti tò dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù oníbùrẹ́dì. Ojú-Abẹ́rẹ́ gbé ẹ̀wù òjò kọ́ apá. Ó kọ́kọ́ rí àlàfo kan ní ìparí ìlà, bí ibi tí eyín ti ká. Lẹ́yìn àlàfo náà ni Káfíńtà dúró sí pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sún mọ́ ọn.

Ẹsẹ̀ Ojú-Abẹ́rẹ́ ní kó padà sílé.

"Ọmọ mi!" oníbùrẹ́dì ké sí i. "Ẹ yà fún un, ojú ọmọ yìí ti rí tó. Mélòó ni kí n gé fún ọ?"

"Mi ò wá ra búrẹ́dì, mà." Ohùn rẹ̀ kéré. Ó tún un sọ, ó pariwo jù. "Ọ̀rọ̀ igbó yẹn ni mo bá wá. Irọ́ ni mo pa."

"Irọ́ bí i ti báwo?"

"Káfíńtà kọ́ ló tú okùn. Èmi ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ́ kí n tó tú u. Eyín mi yìí ni mo fi tú u."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Ọ̀bẹ oníbùrẹ́dì dúró sí àárín búrẹ́dì. Gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ wà lára rẹ̀, àtẹ́wọ́ ò sì sí lọ́tẹ̀ yìí. Ó rò pé ilẹ̀ yóò là kí òun wọlé. Ilẹ̀ kò là.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ: kó, kó, kó. Káfíńtà ti kúrò ní ìparí ìlà, ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ó tó," ni ó wí, jẹ́jẹ́. "Wọ́n ti gbọ́."

"Kò tíì tó."

"Dúró ná," ni oníbùrẹ́dì wí. Ó ti rántí pé òun ní ẹnu. "Òun náà ńkọ́? Èèyàn ò lè jókòó sínú ẹrẹ̀ kí wọ́n máa tú okùn kúrò ní ìbàdí ẹ̀ kó má sọ nǹkan kan. Ó gbọ́dọ̀ ti bú ọ! Kí ló sọ?"

Ojú-Abẹ́rẹ́ gbé ojú sókè. Ó wo obìnrin náà tààrà, bó ṣe máa ń wo ojú abẹ́rẹ́.

"Mo ní, 'Dìde.' Ó ní, 'Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.' Mo ní, 'Tí mo bá dúró tì ọ́, wọn á máa pè mí ní ẹni ìkẹyìn títí ayé.' Ó ní, 'Jẹ́ ká jọ ṣe ìkẹyìn, kò ní dùn mí.' Mo bá tẹ eyín mọ́ okùn. Nígbà tó rí i pé ó ti tú, kò bú mi. Ó wo ojú ọ̀run, ó bọ́ ẹ̀wù yìí, ó nà án sí mi. Ó ní, 'Òjò ti ṣú. Wọ èyí, kí òtútù má mú ọ.' Mo sì gbà á."